Ẹ Má Fi Ìfẹ́ Dí Ọmọ Lọ́wọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ọmọ Tí Kò Lè Rìn Dáadáa

Òbí tí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò gbé e dáadáa, yálà rọpárọsẹ̀ ló fà á ni tàbí pé ọmọ náà kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, kì í fẹ́ kí ìyà kankan tún jẹ ẹ́ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó burú jù ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó wẹ̀ fún un, a ó wọṣọ fún un, nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́, ọkọ̀ iléèwé sì ti ń fọn fèrè níta. Ọdún á gorí ọdún, ọmọ á pé ọdún 18, kò ní lè wọ ẹ̀wù ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò gbà á. Wọn ò jẹ́ kó kọ́ ọ ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yìí. Ọmọ tí apá rẹ̀ kan kò lágbára, kó jókòó sórí àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì. Apá tí kò lágbára ni kó kọ́kọ́ kì bọ ẹ̀wù, kó fà á dé èjìká, kó tó wá ki apá kejì bọ̀ ọ́. Bó bá fẹ́ bọ́ ọ, apá tó lágbára ni kó kọ́kọ́ yọ. Ó lè pẹ́ gan-an lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ọjọ́ Sátidé tí kò sí kánjúkánjú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ káwọ́ gbera. Bó bá há, ẹ bi í pé, "Ibo ló ti há?" kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má ra àga oníkẹ̀kẹ́ tó tóbi jù nítorí pé ọmọ ń dàgbà bọ̀. Aṣọ iléèwé la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá rì sínú àga á máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè wọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní tó táyà débi tí yóò fi yí i fúnra rẹ̀. Kó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó pé òun gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì méjèèjì kí òun tó kúrò lórí àga.

Ọmọ tí kì í mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá kan ìdí àti itan rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí yóò ṣe máa gbé ìdí sókè tàbí kó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30, kó sì máa fi dígí yẹ awọ ara rẹ̀ wò lálaalẹ́. Egbò tí ìjókòó pípẹ́ ń dá síni lára lè jinlẹ̀ dé eegun kí onítọ̀hún tó mọ̀. Ìyá kọ́ ni yóò máa rántí èyí títí láé.

Ẹ má lé e kúrò ní ilé ìdáná. Ẹ gbé sítóòfù sórí tábìlì tí kò ga, tí orúnkún rẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ ro ẹ̀bà, ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà máa yọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ̀ ni kó gbé omi gbígbóná lé itan.

Bí ẹ bá fẹ́ da kọnkéré sẹ́nu ọ̀nà fún un kí àga rẹ̀ lè máa gbà á wọlé, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà ṣe é kó dà gẹ̀rẹ́ jù. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, kí kọnkéré náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọsibítù. Nọ́ọ̀sì á bi ìyá pé, "Kí ló ń ṣe é?" ìyá á sì dáhùn, nígbà tí ọmọ ọdún 14 jókòó sí àárín wọn. Ẹ dákẹ́, kó dáhùn. Kó mọ orúkọ oògùn rẹ̀. Kó lè sọ fún ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fà mí lápá, ẹ bá mi di àga mú."

Kó mọ òfin pẹ̀lú. Láti 2011 ni Èkó ti ní òfin fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe kí àwọn àkàndá ẹ̀dá lè máa wọlé, kí wọ́n sì máa lò ó. Nítorí náà, kó tó mú yunifásítì kan nínú fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ mú un lọ wo ibẹ̀. Kó fi àga rẹ̀ dé kíláàsì, họ́sítẹ́ẹ̀lì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bi wọ́n léèrè ohun tí kò bá bá a lára mu.