Bí egungun ọmọ leopard gecko mi ṣe tún le

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin leopard gecko, irú alángbá kékeré kan tí wọ́n ń sìn nílé, ẹ gbọ́ èyí. Èyí kékeré tí mo gbà sọ́dọ̀ ní Adó-Èkìtì ń fi ikùn wọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti tẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ débi pé kò lè fọ́ ìrẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Dókítà ẹranko fi X-ray wò ó: kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, kò tó nínú egungun rẹ̀. Ìrẹ̀ lásán ló ń jẹ níbi tó ti wá, bẹ́ẹ̀ fọsifọ́rọ́ọ̀sì inú ìrẹ̀, èròjà tó ń dí kálísíọ́mù lọ́wọ́ tó bá pọ̀ jù, pọ̀ ju kálísíọ́mù rẹ̀ lọ. Láìsí fítámì D3, ara kì í gba ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ pàápàá.

Dókítà ló wọn kálísíọ́mù olómi fún un. Ẹ má dá a wọ̀n fúnra yín o, D3 àpọ̀jù léwu. Nílé, mo ń fi ewé mọ̀ríńgà bọ́ ìrẹ̀, màá wá kó wọn sínú ọ̀rá, màá da ìyẹ̀fun kálísíọ́mù lé wọn, màá gbọ̀n ọ́n títí gbogbo wọn á fi funfun báláú.

Mo gbé gílóòbù UVB, ìyẹn ìtànṣán bíi ti oòrùn tó ń jẹ́ kí ara ṣe fítámì D3, ka orí ilé rẹ̀ láìfi dígí sáàárín, torí dígí máa ń dí UVB. Apá gbígbóná wà ní nǹkan bí 32°C. Oúnjẹ kì í dà nínú wọn tí òtútù bá ń mú wọn. Tí wọ́n bá mú iná lọ lásìkò ọyẹ́, ike omi gbígbóná tí mo fi aṣọ wé ni mo ń gbé tì í. Mo kó òkúta gíga kúrò, kó má baà já bọ́ látorí wọn kí egungun rẹ̀ kán.

Àgbọ̀n rẹ̀ ti le báyìí, ó ń fọ́ ìrẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ kò ní tọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀.