Ìpara Oòrùn Lójoojúmọ́: Ìdáhùn sí Àwọn Ẹ̀sùn Tí Kì Í Tán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìpara tí ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, tí wọ́n á sì ti pa á tì kí oṣù tó parí. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní ọ̀lẹ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu láràárọ̀ ni ènìyàn máa ń sá fún. Bí a bá mú ìyọnu náà kúrò, kíkùn rẹ̀ kì í ni ènìyàn lára mọ́.

Ìbéèrè: Oòrùn kò ràn lónìí. Ṣé kí n ṣì kùn ún?

Ẹ kùn ún. Ìkùukùu kì í dí gbogbo ìtànṣán lọ́nà. Bí òǹkà UV (ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí, tí ń pa awọ lára) inú ìròyìn ojú-ọjọ́ bá ti tó 3, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ìbéèrè: Inú ilé ni mo ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ wo ibi tí ẹ ń jókòó sí. Gíláàsì fèrèsé ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú UVB, tí ń jó ara, dúró, ṣùgbọ́n UVA, tí ń mú kí awọ tètè hunjọ, ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè: Mo dúdú. Kí ni mo fẹ́ fi ìpara oòrùn ṣe?

Àwọ̀ dúdú ń dáàbò bo ara lóòótọ́, oòrùn kì í sì í tètè jó o. Ṣùgbọ́n ara awọ dúdú yìí kan náà ni àpá irorẹ́ ti máa ń pẹ́ jù, oòrùn sì ń mú kí àpá náà túbọ̀ ṣókùnkùn. Kódà, ìmọ́lẹ̀ lásán tí ojú ń rí wà lára ohun tí ń fà á. Ẹni tí àmì dúdú bá ń bá fínra, kí ó wá ìpara tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ara rẹ̀, tí iron oxide, èròjà tí ń fún ìpara ní àwọ̀, wà nínú rẹ̀, nítorí pé ó ń dí ìmọ́lẹ̀ yẹn náà lọ́nà, kì í sì í sọ ojú di eléérú bí zinc oxide, èròjà funfun tí ń dí ìtànṣán lọ́nà, nìkan ti máa ń ṣe.

Ìbéèrè: Mo ń kùn ún, síbẹ̀ oòrùn ń jó mi.

Ó kéré jù ni. Mo ti sọ èyí títí ẹnu fi ń ro mí. Miligíráàmù 2 sí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan ni wọ́n fi ń dán ìpara wò kí wọ́n tó kọ SPF, òǹkà bí ó ṣe ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ jíjó oòrùn tó, sí i lára. Bí ẹ bá fi ìdajì rẹ̀ kun ojú, ẹ kò gba ààbò tí ẹ sanwó fún. Ẹ fà á sórí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín láti ìdí dé orí, kí ẹ fi èyí kun ojú àti ọrùn, kí ẹ sì tún un kùn ní wákàtí méjì-méjì bí ẹ bá wà níta. SPF 30 ń dí nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún UVB lọ́nà, SPF 50 ń dí nǹkan bí 98. Ẹ má lé òǹkà ńlá, ẹ kùn ún tó.

Ìbéèrè: Ó ń ṣù jọ lójú mi, ó sì ń já bọ́.

Èyí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èmi gan-an kúrò nídìí ìpara oòrùn. Bí mo bá ti fọwọ́ pa á, èérún funfun wínníwínní á bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ ní ìsàlẹ̀ àgbọ̀n àti létí irun, bí èyí tí rọ́bà ìpàwérẹ́ máa ń fi sílẹ̀ lórí ìwé. Mo pààrọ̀ ìpara oòrùn, kò yí padà. Nígbà tí ó sú mi, mo pín ojú sí méjì: ìpara oòrùn nìkan ni mo fi sí apá òsì, mo sì fi serum (omi ìtọ́jú awọ tí ó fúyẹ́) àti ìpara amárajọ̀lọ̀ sábẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Òsì dúró jọ̀lọ̀. Ọ̀tún ni ó ṣù. Lọ́jọ́ kejì, mo yọ serum kúrò, ó ṣì ń ṣù. Mo wá yọ ìpara amárajọ̀lọ̀ kúrò, ó sì dáwọ́ dúró. Ara páálí rẹ̀ ni mo ti rí dimethicone, ọ̀kan lára àwọn silicone, lókè pátápátá. Irú èyí máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí awọ, ọwọ́ tí a bá sì ń fà síwá-sẹ́yìn lórí rẹ̀ á ká a pọ̀ mọ́ ìpara oòrùn. Mo mú èyí tí ó fúyẹ́ dípò rẹ̀, mo sì ń dúró kí ó gbẹ: bí ẹ̀yìn ọwọ́ bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò tíì yá. Lẹ́yìn náà, mo ń tọ́ ìpara oòrùn sí ojú káàkiri, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láìfà á, mo sì ń pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Etí irun nìkan ni ó ṣẹ́ kù, èyí sì dáwọ́ dúró nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ síbi tí irun dojú kọ.

Ìbéèrè: Ó ń ta mí lójú.

Ẹ lo oní-zinc oxide ní àyíká ojú.

Ìbéèrè: Mo máa ń gbàgbé.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Kíkùn ún lójoojúmọ́ ní èrè: ní ìlú Nambour, ní Australia, láti 1992 sí 1996, àwọn olùwádìí ní kí àwọn kan máa kùn ún lójoojúmọ́, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù máa lò ó bó ṣe wù wọ́n. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé àmì ogbó lára awọ àwọn ti ojoojúmọ́ kéré sí ti àwọn yòókù ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n lọ rí dókítà?

Bí ara bá wú tàbí tí ó ń yún yín lẹ́yìn tí ẹ kùn ún, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Ẹ má fi ìpara mìíràn wò ó. Bákan náà ni àmì ara tí ń yí àwọ̀ tàbí ìtóbi padà, àti egbò tí kò san. Kí àwọn aláwọ̀ dúdú máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná wò, nítorí pé ibẹ̀ ni irú jẹjẹrẹ awọ kan ti sábà máa ń yọ sí wọn lára, ìpara oòrùn kò sì lè dá irú èyí dúró.