Ẹ Yí Páálí Yẹn Sẹ́yìn Kí Ẹ Tó Sanwó

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ohun mímu kan tí wọ́n ya èso sí lára fáwọn ọmọ mi, mo rò pé èso ni wọ́n ń mu, àfìgbà tí mo yí i sẹ́yìn lọ́jọ́ kan tí mo kà á, omi ló ṣáájú, ṣúgà ló tẹ̀ lé e, èso gangan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó dùn mí gan-an. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí pé tẹ́ ẹ bá lọ ra oúnjẹ, ẹ̀yìn páálí ni kẹ́ ẹ kà, iwájú ẹ̀ ìpolówó ni.

Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń to àwọn nǹkan tí wọ́n fi ṣe é, èyí tó pọ̀ jù ló máa ń wà lókè. Tí ṣúgà bá wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́, èmi ò ní rà á. Ẹ ṣọ́ra o, ṣúgà ò lórúkọ kan ṣoṣo, glucose, dextrose, maltose, corn syrup, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n sì lè kó mẹ́ta mẹ́rin sínú oúnjẹ kan kó má bàa hàn pé ó pọ̀. Giráàmù 4 tó ṣíbí tíì kan, ẹ fi ìyẹn ṣírò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọjà méjì wéra, ibi tí wọ́n kọ 100g sí ni kẹ́ ẹ wò, torí "per serving", ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n kà sí ti ẹ̀ẹ̀kan, ti ọ̀kan lè má dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Iyọ̀ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ti àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ tó giráàmù 5 lóòjọ́. Tó bá jẹ́ sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ni wọ́n kọ, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àtààbọ̀, iye iyọ̀ tó jẹ́ nìyẹn.

Ẹ tún ro ti ilẹ̀ àti omi tó ń bọ́ wa. Èéfín tó ń mú ayé gbóná tí ẹran màlúù ń fà ju ti ẹ̀wà lọ fíìfíì, mi ò ní kẹ́ ẹ pa ẹran tì o, àmọ́ ẹ fi ẹ̀wà pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lọ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹja, àmì búlúù MSC, àjọ tó ń rí sí i pé wọn ò pa ẹja inú omi run, ń sọ pé wọ́n ti yẹ ibi tí wọ́n ti pa á wò, wọn ò pa á tán níbẹ̀. Èso àtẹ̀fọ́, ẹ ra èyí tó wà lásìkò ẹ̀, ẹ sì sá fún èyí tó wọkọ̀ òfúrufú wá.

Èyí tó ká mi lára jù ni oúnjẹ tá à ń dà nù. UNEP, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká, ní oúnjẹ tó ṣòfò kárí ayé lọ́dún 2022 lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù, inú ilé àwa èèyàn sì ni nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ẹ̀ ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ fìríìjì wò kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kọ ohun tó kù sílẹ̀, ẹ ra ìwọ̀nba. Tí "best before", ìyẹn ọjọ́ tí oúnjẹ ṣì dùn dáadáa dà, bá ti kọjá, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó jù ú nù, àmọ́ "use by", ìyẹn ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí jíjẹ ẹ̀ ò léwu, tó bá ti kọjá, ẹ má jẹ ẹ́ o, kódà tí òórùn ẹ̀ bá dáa.