Bí mo ṣe fi ọsàn Ọjà Ọba wọn ohun rògódó

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS2 gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ti há fọ́múlà méjèèjì sórí: 4πr² fún bí ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ṣe fẹ̀ tó, 4/3πr³ fún ohun tí inú rẹ̀ gbà; r ni ìdajì ìbú rẹ̀, π sì ni páì. Mo bi í pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin?" Ó dákẹ́. Ó dùn mí, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ ra ọsàn l'Ọ́jà Ọba, níbí l'Ákùrẹ́. Mo ṣà á ni o: èyí tó rí rògódó, tí kò tẹ́ lórí. A fi òwú yí i ká níbi tó sanra jù, a na òwú náà sórí rúlà: sẹ̀ǹtímítà 22. Àyíká ni 2πr, páì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 22/7, nítorí náà r jẹ́ 3.5.

Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Ó mú odindi ìbú, 7, ó fi ṣe r, ó sì rí mílílítà 1437 fún ohun tí inú ọsàn gbà. Mi ò bá a jiyàn. Mo to omi inú ọ̀rá mẹ́ta kalẹ̀, mílílítà 500 lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé gbogbo èyí máa wọnú ọsàn yìí?"

"Àǹtí, kò lè gbà á!"

Ohun tó rí jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ èyí tó tọ̀nà, torí ó sọ r di ìlọ́po méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni à ń lo r nínú ìsọdipúpọ̀ yẹn. Èyí tó tọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílílítà 180.

A dán an wò. Mo bu omi kún abọ́ dé etí, mo gbé e sínú tíréè, mo sì ju ọsàn sí i. Ó léfòó! Èèpo rẹ̀ ló ń gbé e sókè. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì tì í wọlẹ̀ pátápátá, omi dà sínú tíréè, a wá ń fi síríńjì fà á. Mílílítà 175. Ìyókù lẹ̀ mọ́ tíréè.

Èèpo ló dùn mọ́ mi jù. Mo fi kọ́ńpáàsì ya róbótó mẹ́rin sórí ìwé, tí r ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.5. A bó ọsàn, a já èèpo rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí èékánná, a ń tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, a ń tò ó. Ọ̀kan kún, ìkejì kún, ìkẹta kún. Nígbà tí ìkẹrin kù díẹ̀ kó kún, èèpo tán. Ọmọ náà pariwo, "Mẹ́rin náà nìyí!" Róbótó kan jẹ́ πr², ìyẹn 38.5, mẹ́rin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 154.

Mo sọ fún un pé Archimedes ará Syracuse, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, rí i pé tí bọ́ọ̀lù bá wọ inú agolo rẹ́gí, lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè agolo ló gbà. Ọ̀rọ̀ yìí jọ ọ́ lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní kí wọ́n ya àwòrán méjèèjì sórí ibojì òun.

Nígbà tí mo fi máa jáde láti ilé ìdáná, ó ti yí òwú ká agbálùmọ̀ kan: 13.2. Ó pín in, ó rí 2.1 fún r, ó sì ń kọ 55.44 sílẹ̀ fún bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, láì bi mí.