Bí a ṣe ń tú dífrẹ́ńṣà limited-slip, tí a sì ń tún un tò fún eré drag

Tí ọkọ̀ bá gbéra lórí ìlà eré drag, ìyẹn ìdíje ìsáré ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ọ̀tún nìkan ló ń jó tó ń rú èéfín, tí ti òsì sì kàn ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má tíì dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi. Nínú ọkọ̀ tí axle ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ odidi kan, agbára tó ń gba inú ṣáàfù gígùn bọ̀ máa ń fẹ́ gbé táyà ọ̀tún kúrò nílẹ̀, òun ló sì sábà ń kọ́kọ́ yọ̀. Bí ó bá ti yọ̀, dífrẹ́ńṣà lásán (àwọn gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) ò lè fún ìkejì ní agbára tó ju èyí tí táyà tó ń yọ̀ yẹn ń gbà lọ. Iṣẹ́ péléètì kọ́lọ́ọ̀ṣì inú dífrẹ́ńṣà limited-slip ni láti má jẹ́ kí táyà kan máa dá yọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí péléètì bá ti jẹ, dífrẹ́ńṣà lásán náà ni ọkọ̀ yín padà ní.

Traction-Lok, limited-slip tó wà nínú axle 8.8 ínṣì ti Ford, ni màá fi ṣàlàyé, torí pé ó wọ́pọ̀ lórí ìlà eré, ó sì rọrùn láti tú. Torsen àti Detroit Locker, tí wọ́n jẹ́ irú dífrẹ́ńṣà mìíràn, ò ní péléètì kọ́lọ́ọ̀ṣì, àlàyé yìí ò kàn wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò kí ẹ tó tú bóòtù kankan. Ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, kí ìkejì wà nílẹ̀, kí ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há táyà iwájú méjèèjì, kí gíà wà ní nútírà, kí bíréèkì ọwọ́ sì wà ní títú. Ẹ fi torque wrench (sípánà tó ń fi iye agbára tí a fi yí nǹkan hàn) yí axle táyà tó wà lókè. Ìwé Ford ní bí kò bá tó 20 ft-lb kó tó yí, péléètì ti tán. Ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀, ẹ máa nílò rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ wá gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí stand méjì (ẹ má fọkàn tán jáàkì nìkan láéláé), ẹ yọ táyà àti bíréèkì, kí ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn kí ọ́ìlì lè ṣàn jáde. Ẹ wo ojú òòfà tó wà nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ eérú tó kúná kò burú, àfọ́kù irin tó ń gún ọwọ́ ló burú, torí ó lè ti ara eyín gíà tàbí bẹ́rìn wá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú, ibẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́. Ẹ gbé dial gauge (ohun èlò tó ń wọn àlàfo tóóró) lé eyín kíráùn, ìyẹn gíà ńlá tó yí dífrẹ́ńṣà ká, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti píníọ̀nù, gíà kékeré orí ṣáàfù gígùn tó ń yí i, kí ohunkóhun tó kúrò láyè rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà láàyè fún 8.8 ni 0.008 sí 0.015 ínṣì. Kíráùn àti píníọ̀nù ti mọ ara wọn tipẹ́, iye tí ẹ bá níbẹ̀ náà ni kí ẹ dá wọn padà sí.

Ẹ tú bóòtù kékeré tó há pin àárín mọ́lẹ̀. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, nítorí ó máa ń kán. Ẹ fa pin náà jáde, ẹ ti axle (ọ̀pá tó lọ síbi táyà) sínú díẹ̀, kílíìpù C tó há orí rẹ̀ á já bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ sì lè wá fa axle jáde láì fi eyín rẹ̀ ya síìlì. Látìgbà tí pin ti jáde, ẹ má yí kẹ́ríà (ilé irin tó gbé àwọn gíà dífrẹ́ńṣà) mọ́, torí gíà kéékèèké àárín á sá kúrò níbi tó wà.

Àwọn kan máa ń pààrọ̀ péléètì láì yọ kẹ́ríà kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ fún eré drag, lórí tábìlì ni mo fara mọ́, nítorí ibẹ̀ lẹ ti lè rí ibi tó ti sán. Ẹ fi àmì sára ìdérí bẹ́rìn méjèèjì kí wọ́n tó kúrò: èwo ni tòsì, èwo ni tọ̀tún, apá ibo ló kọjú sókè. Ìlé-iṣẹ́ gbẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ilé axle ni, wọn ò ṣeé pààrọ̀ síra. Ẹ fi ọ̀pá irin yọ kẹ́ríà díẹ̀díẹ̀, ó há, ó sì wúwo, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbá a mú. Ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo) tòsì, ẹ so ó sọ́tọ̀. Tọ̀tún, bákan náà.

Spíríǹgì tó rí bíi lẹ́tà S ló wà láàárín, òun ló ń ti péléètì mọ́ra. Ẹ wọ jígí ìdáàbòbò ojú, ẹ da aṣọ bo ojú fèrèsé kẹ́ríà, kí ẹ wá fi òòlù àti ọ̀pá bàbà gbá a jáde. Ó ń fò! Lẹ́yìn náà, ẹ yí gíà ẹ̀gbẹ́ (èyí tí orí axle ń wọ̀), gíà kéékèèké méjèèjì á yí wá sójú fèrèsé pẹ̀lú wọ́ṣà wọn. Gíà ẹ̀gbẹ́ ló kàn, tòun ti péléètì ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì bí wọ́n ṣe ń jáde, kí ẹ sì ya àwòrán wọn.

Ẹ wo péléètì irin. Èyí tó ti di búlúù ti jóná. Ẹ fi èékánná wá ojú pin àárín, bí ó bá gún yín lọ́wọ́, ẹ ra tuntun. Tí ẹ bá rí sísán lẹ́bàá fèrèsé kẹ́ríà, ẹ sọ kẹ́ríà náà nù.

Péléètì friction tuntun gbọ́dọ̀ wà nínú friction modifier (èròjà tí a ń fi kún ọ́ìlì kí péléètì lè máa yọ̀ lára wọn jẹ́jẹ́) fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Eyín inú rẹ̀ ló bá gíà ẹ̀gbẹ́ mu, etí tó yọ síta lára péléètì irin ló há mọ́ kẹ́ríà. Friction kan, irin kan, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tò wọ́n lé ara wọn, kí ṣíìmù sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ kó há ju ti ìlé-iṣẹ́ lọ á fi ṣíìmù tó nípọn sí i, tàbí kó fi péléètì friction kan kún un. Ṣùgbọ́n ìlọsíwájú yẹn lópin. Bí àkópọ̀ náà bá ti nípọn jù, yóò ti gíà ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, eyín rẹ̀ á wá há mọ́ ti gíà kéékèèké láìsí àlàfo. Ẹ fi kíláńpù tẹ àkópọ̀ tuntun mọ́ra, kí ẹ wọn ìnípọn rẹ̀, kí òsì àti ọ̀tún dọ́gba.

Ẹ dá gíà ẹ̀gbẹ́ padà, kí ẹ ki gíà kéékèèké sínú fèrèsé, ọ̀kan níbí, ìkejì ní ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an, kí ẹ wá yí wọn wọlé pọ̀. Ẹ yọjú wo ihò pin: bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ láti ìhà kan dé ìkejì, ẹ ti fo eyín kan. Ẹ yí wọn jáde, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi kíláńpù fún spíríǹgì S pọ̀, kí ẹ fi òòlù rọ́bà kàn án wọlé.

Kẹ́ríà wọlé pẹ̀lú ṣíìmù rẹ̀ bó ṣe wà. Bóòtù ìdérí bẹ́rìn gba 70 sí 85 ft-lb. Ẹ tún wọn àlàfo kíráùn. Axle wọlé, kílíìpù C, ẹ fa axle síta kí kílíìpù jókòó dáadáa, pin, kí ẹ wá fi bóòtù tuntun tó ní gọ́ọ̀mù ìdè há a. Ẹ rántí pé kílíìpù C nìkan ló dá axle náà dúró: bí axle bá kán, táyà lè jáde tòun ti axle. Ìdí nìyẹn tí òfin NHRA (àjọ tó ń ṣàkóso eré drag ní Amẹ́ríkà) fi béèrè ohun èlò tó ń dá axle dúró fún ọkọ̀ tó bá sáré ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú-àáyá 10.99 tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ́ìlì gíà ló kàn, pẹ̀lú nǹkan bíi 118 mílílítà friction modifier. Àwọn kan ń dín modifier kù kó lè há sí i. Lójú tèmi, kì í ṣe ọgbọ́n fún ọkọ̀ tó tún ń rìn lójú títì, nítorí gbogbo kọ́nà ni yóò máa gbọ̀n rìrì.

Ẹ tún ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn. Iye tí ẹ máa rí gbọ́dọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Kí ẹ wá fi ọkọ̀ yí òǹkà 8 jẹ́jẹ́ níbi tó ṣófo, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí péléètì lè mọ ara wọn. Ẹ má jó táyà rárá títí ìyẹn á fi parí.

Ohun tó kù ni táyà fúnra rẹ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí wọn dọ́gba, kí ẹ sì fi téèpù wọn àyíká àwọn méjèèjì. Bí ọ̀kan bá tóbi ju ìkejì lọ, ìrìn gbọọrọ pàápàá á máa yí ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, péléètì á máa lọ ara wọn láìdáwọ́dúró. Ẹ wá táyà tó bá ara wọn dọ́gba kí ẹ tó gbé ọkọ̀ dé orí ìlà.