Bí a ṣe lè mọ ibi tí sóyà ti ń dànù lára ẹ̀rọ ìkórè

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń háyà kọ́ḿbáìnì láti kórè sóyà, títí kan àwọn ará Òkè-Ògùn, ló ń fi iye àpò tó kún mọ bí ìkórè ṣe dára sí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Kí ẹ tó ní kí awakọ̀ yí ohunkóhun padà, ẹ wá ibi tí àdánù ti ń wá, nítorí ohun tó ń da hóró nù lẹ́nu ẹ̀rọ, níbi tó ti ń gé sóyà, yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń dà á nù nídìí rẹ̀, níbi tí ìyàngbò ti ń jáde.

Ẹ fi igi ṣe férémù tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ pa ohun tó ń fọ́n ìyàngbò káàkiri, kí ó gé sóyà dé àárín oko, kí ó dúró lójijì, kí ó sì fi ẹ̀yìn rìn tó mítà 5. Ẹ wá gbé férémù sí ibi mẹ́ta: àárín sóyà tí a kò tíì gé, ilẹ̀ iwájú ẹ̀rọ tí a ti gé ṣùgbọ́n tí ìyàngbò kò tíì dà lé, àti ibi tí ìyàngbò dà sí lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbọn ìyàngbò kúrò, kí ẹ sì ka gbogbo hóró, àti èyí tó ṣì wà nínú èèpo. Iye àkọ́kọ́ ni èyí tó ti gbọ̀n dànù kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkejì, ẹ ó rí àdánù ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkẹta, ẹ ó rí ti ìdí. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá fẹ̀ tó mítà 4, tí ìyàngbò sì dà sí ojú kan tí kò ju mítà 1 lọ, ẹ fi 4 pín iye ti ìdí yìí, torí pé ohun tí ẹ̀rọ gé ní mítà 4 ló kó jọ sí mítà 1.

Bí hóró 1,000 bá wọn gíráàmù 130, hóró 10 nínú férémù jẹ́ kìlò 13 lórí hẹ́kítà kan. Hóró 100 sì jẹ́ kìlò 130.

Ẹnu ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àdánù sóyà ti máa ń wá, torí pé irúgbìn yìí ń so sún mọ́ ilẹ̀, èèpo rẹ̀ sì máa ń là wẹ́rẹ́ bó bá ti gbẹ. Ẹ wo kùkùté tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀: bí èèpo tó ní hóró bá ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀bẹ ga jù. Ọ̀bẹ tó kú ń mi igi sóyà kí ó tó gé e, hóró a sì gbọ̀n sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ń da igi sóyà wọlé gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ yá ju ìrìn ẹ̀rọ lọ. Bí ó bá yá jù, ńṣe ni yóò máa lu èèpo fọ́. Kìlómítà 4 sí 5 ní wákàtí kan ti tó fún ẹ̀rọ. Awakọ̀ tí a ń sanwó fún lórí hẹ́kítà yóò fẹ́ sáré, nítorí náà ẹ bá a ṣàdéhùn lórí eré kí ó tó wọ oko. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkórè nígbà tí omi inú hóró bá wà ní nǹkan bí ìdá 13 nínú 100. Bí omi inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 11 mọ́, òwúrọ̀ ni kí ẹ máa gé e, nígbà tí èèpo ṣì rọ̀ díẹ̀. Irúgbìn sóyà tó ń jẹ́ TGx 1448-2E, tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, mú jáde, kì í tètè là, ó sì fún àgbẹ̀ láyè díẹ̀ sí i.

Ní ti ìdí ẹ̀rọ, èèpo tó jáde pẹ̀lú hóró nínú fi hàn pé dọ́rọ́ọ̀mù tó ń pakà ń yí díẹ̀ jù tàbí pé àlàfo abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ jù. Bí hóró fífọ́ bá pọ̀ nínú táǹkì, ó ń yí jù nìyẹn. Hóró tó ti kúrò nínú èèpo ṣùgbọ́n tó ń dà sẹ́yìn, fáànù tó le jù tàbí asẹ́ tó dí ni kí ẹ wò.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó tún hóró kà. Bí oòrùn bá ti mú lọ́sàn-án, ẹ tún un kà, nítorí pé sóyà tó gbẹ sí i kò ní gba ètò tí ẹ ṣe fún ti òwúrọ̀.