Kámẹ́rà fíìmù tó ń ṣe ara ẹ̀: èwo ni kí n rà, kí ló dé tí kò tàn?

Ìbéèrè: Òkun o ẹ̀gbọ́n. Kábà ni mo wà, fọ́tò ni mò ń yà kiri ìnáwó, Canon díjítà ni mò ń lò. Wọ́n fẹ́ ṣe ìnáwó ńlá nílé bàbá mi ní Ìsánlú, ó sì ń wù mí kí n fi fíìmù ya díẹ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan ń ta kámẹ́rà fíìmù Canon méjì, EOS 650 àti EOS 300, méjèèjì ló ń fa fíìmù fúnra ẹ̀ tó sì ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀. 650 wúwo, ó dúró dáadáa lọ́wọ́, 300 fúyẹ́ bí ike ìṣeré ọmọdé. Èwo ni kí n mú? Ó lóun ò ní bátìrì tá a máa fi dán an wò o.

Ìdáhùn: Òkun o àbúrò. Òun ò ní bátìrì kẹ̀! Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kó ti máa kọ ọ́ lóminú. Má sanwó, lọ ra bátìrì tìẹ kó o gbé e lọ síbẹ̀: 650 ń lo 2CR5 ẹyọ kan, èyí tó rí bíi bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀, 300 ń lo CR2 méjì. Kó o tó ra nǹkan kan, yà á bí ìgbà ogún láìfi fíìmù sí i, kó o tẹ́tí sí i, bó bá ń falẹ̀ tàbí tó kọ̀ ní agbede méjì, dá a padà fún un.

Èmi á mú 300. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ti fẹ́ràn 650, òun ni EOS àkọ́kọ́ tí Canon gbé jáde lọ́dún 1987, ó lágbára lóòótọ́. Àmọ́ rọ́bà kékeré kan wà nínú irú 650 yẹn lẹ́bàá ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù), òun ló máa ń gba ìkọlù ewé ṣọ́tà, rọ́bà yẹn ti dàgbà, ó máa ń yọ́ di nǹkan dúdú tó ń lẹ̀, á wá dà sórí ewé ṣọ́tà, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, fọ́tò ẹ á jáde ní apá kan dúdú. Ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ nínú oòrùn kó o wo ewé yẹn dáadáa, bó o bá rí ohun tó ń dán bí ọ̀dà lára ẹ̀, kúrò níbẹ̀. Má fi èékánná kàn án o, èèpo àlùbọ́sà ò fẹ́lẹ́ tó o.

300 jáde lọ́dún 1999. Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ̀ ni pé bó o bá fi fíìmù sí i, á kọ́kọ́ fa gbogbo ẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà gbogbo èyí tó o bá yà á máa wọlé padà sínú agolo fíìmù níkọ̀ọ̀kan. Tó bá ṣèèṣì pé ọmọ kan ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi ìnáwó (o mọ àwọn ọmọ wa), èyí tó o ti yà ti wà nínú agolo.

Ìbéèrè: Mo ti mú 300. Àmọ́ lẹ́ǹsì 18-55 tí mo ní ò wọlé sí i.

Ìdáhùn: Kò ní wọlé, má fi agbára tì í. EF-S lèyí, àmì ẹ̀ funfun, ti díjítà ni. Èyí tó ní àmì pupa ni kó o wá, EF, irú bíi 50mm f/1.8.

Ìbéèrè: Mo ti rí 50mm. Ẹnìkan bá mi ra bátìrì méjì tó ń ṣáàjì láti Ìlọrin, mo ṣáàjì ẹ̀ kún, mo fi sí i, kò tàn rárá. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Yọ ọ́ kíákíá! Tó bá kún, ẹyọ kan irú ẹ̀ á tó 4.2 fólìtì, méjì á jẹ́ 8.4, 6 fólìtì sì ni wọ́n ṣe kámẹ́rà yẹn fún. CR2 tí kì í ṣáàjì ni kó o rà. Kó o tó fi sí i, fi aṣọ mímọ́ àti spírìtì díẹ̀ nu irin tí bátìrì ń kàn, kó o wò ó bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀. Yí bọ́tìnnì róbótó orí ẹ̀ kúrò lórí L pẹ̀lú, L yẹn ni pé ó wà ní títì, ẹni tó gbé irú ẹ̀ wá fún mi nítorí bẹ́ẹ̀ ti ju ẹnìkan lọ.

Ìbéèrè: Ó ti tàn! Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ mo fi fíìmù sí i, àmì agolo fíìmù kàn ń ṣẹ́jú ni.

Ìdáhùn: Fíìmù ò tíì mú nìyẹn. Ṣí i, fa orí fíìmù dé ibi àmì olómi ọsàn, kì í ṣe pé kó kọjá kó máa fì, tó bá gùn jù, tì í padà díẹ̀ sínú agolo kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó o wá pa á dé. Àmì tó ń ṣẹ́jú yẹn, ire ni fún ẹ. Èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ń fọwọ́ yí, kì í sọ nǹkan kan. Mo ya ìsọmọlórúkọ kan ní Mọ̀pà látòwúrọ̀ títí wọ́n fi pín jọ̀lọ́ọ̀fù, ó ń ka nọ́ńbà fún mi, mi ò mọ̀ pé fíìmù ò yí rárá. Màmá ọmọ yẹn ṣì ń bi mí ní fọ́tò dòní.

Tó o bá rí 36 lójú ẹ̀ (iye fọ́tò tó kù nìyẹn, bí fíìmù ẹ bá jẹ́ ti 36), ó ti mú. Má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tẹ́ ẹ bá ń lọ Ìsánlú o, ooru ò bá fíìmù rẹ́.